Bàtà wa tí ọmọ yín kó pamọ́

Ọmọ mi,

Okun o. Báwo ni ooru Lọ́kọ́jà? Iṣu tuntun ti ń wọ ọjà Kàbà, màá fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó wá lo họ́lidé lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ sọ, mi ò pè ẹ́ lórí fóònù kí ìyàwó ẹ má lọ rò pé mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ewúrẹ́ wọ ilé ìdáná, ó jẹ èlùbọ́ ìyá ẹ, o sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi èlùbọ́ bá ìyá ẹ ṣeré, ló bá ní èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn, èmi náà fèsì, a pariwo díẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ jáde mi ò rí bàtà mi, ìyá ẹ náà wá tiẹ̀ títí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti bá a, sílípáàsì, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀, ọmọ náà jókòó tì í. Ó ní, "Bàbá, kẹ́ ẹ má baà lọ ni."

Mi ò bi í pé ta ló lọ. Mo rántí alẹ́ tí ìyàwó ẹ di báàgì lọ sí Mọ̀pà.

Ó tún ti ń tọ̀ sórí ẹní, ọmọ ọdún méje tó ti jáwọ́. Inú rírun tẹ́ ẹ ń fún un ní oògùn aràn sí ńkọ́? Ìwọ náà ṣe é ní pámárì, àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyá ẹ bá jà mọ́jú ni, ojú mi ò là nígbà yẹn. Kódà lọ́dún 2013 àwọn olùwádìí kan l'Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ oṣù 6 sí 12 wò lójú oorun, àwọn tí ìjà pọ̀ nílé wọn, ohùn ìbínú ń ta ọpọlọ wọn jí ju tàwọn yòókù lọ. Ẹ wá ní ọmọ ti sùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń jà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má jà o, ta ni kì í jà? Pálọ̀ lẹ ti ń jà, inú yàrá lẹ ti ń parí ẹ̀, ọmọ ò rí ìparí yẹn rárá, lójú tiẹ̀ ìjà ṣì wà ńlẹ̀, ó sì lè máa rò pé òun ló fà á. Ẹ parí ẹ̀ níṣojú ẹ̀, kó gbọ́ "má bínú" lẹ́nu ìwọ bàbá ẹ̀. Ẹ má sì fi ṣe ìránṣẹ́ mọ́, "lọ sọ fún mọ́mì ẹ" yẹn ò dáa. Tó bá wá jẹ́ pé o ti ń gbọ́wọ́ sókè sí ìyàwó ẹ, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ lẹ́tà, kó o wá bá mi nílé.

Kò tíì kó bàtà wa jáde, búùtù oko ni mo fi ń rìn káàkiri. Ẹ wá mú ọmọ yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin méjèèjì, nínú mọ́tò kan náà.

Bàbá ẹ