Ẹ̀rọ wo ló yẹ ká fi máa kàwé?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òbí tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìkàwé fún ọmọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa kó wa lọ wo eré ẹṣin ní Epsom, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, oòrùn ràn débi pé àwọn tó gbé tablet dání kò rí nǹkan kan kà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa tó mú Kindle (ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìwé kíkà) wá ń ka ìwé rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín eré kan sí èkejì. Ìdí ni pé láti inú ni tablet ti ń tan ìmọ́lẹ̀, nígbà tí ojú Kindle ń lo ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e gẹ́gẹ́ bíi bébà. Ìgbà tí a bá ṣí ojú ewé tuntun ló sì máa ń lo iná jù, ìyẹn ni bátìrì rẹ̀ fi ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lóòótọ́, tablet ló dára fún àwòrán aláwọ̀ àti fídíò. Fún ìwé kíkà gan-an, Kindle ni mo fara mọ́, nítorí kò sí géèmù tí yóò fa ọmọ kúrò nídìí ìwé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé Yorùbá kan lórí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àmì ohùn hàn dáadáa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Lọ́ńdọ̀nù