Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń ya Zélie

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Àwòrán Zélie tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn gan-an pé nínú gbogbo ẹ̀dá inú ìwé ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ ń yà lórí fóònù, ọmọbìnrin inú ìwé Tomi Adeyemi, Children of Blood and Bone, ni ọkàn rẹ lọ sí. Ìyá rẹ ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun kí àwòrán yíyà yìí má baà dí ẹ̀kọ́ rẹ lọ́wọ́. Èmi yóò bá a sọ ìyẹn. Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, lórí àwọ̀ ara Zélie àti bí a ṣe ń yà á.

Kí n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o ní lọ́wọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé eré ọmọdé ni ò ń ṣe. Òǹkọ̀wé náà, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìlú Salvador ní Brazil ni òun wà nígbà tí òjò lé òun wọ ṣọ́ọ̀bù kan, tí òun sì bá àwòrán àwọn òrìṣà pàdé níbẹ̀, ní ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú ti dá ẹ̀sìn wọn sí. Láti ara àwòrán wọ̀nyẹn ni ìtàn náà ti sọ sí i lọ́kàn. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 2018, èkejì ní 2019, ẹ̀kẹta sì ní 2024. Àwòrán ti wà kí ìtàn tó wà, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ rẹ kéré sí ti ẹni tí ó kọ̀wé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ìwé náà kò fi bí Zélie ṣe rí pa mọ́: ó dúdú, irun orí rẹ̀ funfun, ẹyinjú rẹ̀ sì ní àwọ̀ fàdákà. Ní ààfin inú ìtàn náà, àwọn ọlọ́lá ka dúdú sí àbùkù, débi pé ayaba kò fi ojú rere wo àwọ̀ Amari, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ẹni tí ó bá ya Zélie tí ó sì jẹ́ kí ó pọ́n díẹ̀, torí pé ó rọrùn láti yà bẹ́ẹ̀, ti gbè sẹ́yìn ààfin láìmọ̀, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ó ń dùn mí. Ìwọ kò ṣe èyí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dúdú pọ́ńbélé ni o fi ṣe òjìji, funfun ni o sì fi ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá dà bí ibi tí a bu eérú sí.

Ara ènìyàn dúdú kì í parí sí dúdú. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kúrò lára rẹ̀, ó máa ń rìn lọ sí àwọ̀ osùn, lẹ́yìn náà sí elésè àlùkò, nígbà mìíràn sí àwọ̀ aró. Nítorí náà, nígbà tí o bá fẹ́ mú àwọ̀ òjìji lórí ibisPaint, áàpù tí o fi ń yàwòrán lórí fóònù, má ṣe fa ìka rẹ tààrà sísàlẹ̀ nínú àpótí àwọ̀. Yí òrùka àwọ̀ sí apá pupa díẹ̀ kí o tó sọ ọ́ di dúdú sí i, má sì jẹ́ kí àwọ̀ náà ṣá. Ṣí léyà mìíràn, ìyẹn ìpele àwòrán tí a ń tò léra, lé orí èyí tí o fi kun ara, so ó mọ́ ti ìsàlẹ̀ kí ó má baà yọ jáde ní etí ojú, yí i sí Multiply, ètò tí ó ń mú kí àwọ̀ òkè sọ ti ìsàlẹ̀ di dúdú sí i, kí o wá fi àwọ̀ osùn fẹ́lẹ́ kun ibi tí òjìji bá wà. Ìwọ yóò rí i pé ojú náà yóò jí.

Ti ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nítorí pé awọ ara dúdú kì í tú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ká, dídán orí rẹ̀ máa ń hàn kedere ju ti ẹni tí ó pọ́n lọ, ó sì máa ń mú àwọ̀ ohun tí ó wà nítòsí. Lọ jókòó ti ìyá àgbà ní ẹ̀bá fèrèsé ní àárọ̀, kí ó tó di pé wọ́n tan iná, kí o wo egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dáadáa: àwọ̀ ojú ọ̀run ni ìwọ yóò rí níbẹ̀, kì í ṣe funfun. Wo abẹ́ àgbọ̀n wọn nígbà tí wọ́n bá ró ìró aláwọ̀ òféèfèé wọn mọ́ àyà, ìwọ yóò rí i pé àwọ̀ ìró náà ti gun ọrùn wọn. Kò sí àwòrán ẹlòmíràn tí ó lè kọ́ ọ ní èyí bí ojú ìyá àgbà ṣe lè kọ́ ọ.

Ní ti irun, kọ́kọ́ pinnu apá ibi tí ò ń yà nínú ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irun funfun Zélie nà gbọọrọ. Bí idán ṣe ń padà sí ara rẹ̀ ni irun náà ń ká. Èyí tí o yà ká dáadáa, ṣùgbọ́n abúlé orí omi ni o fi í sí, níbi tí idán kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Má fi funfun tí ó mọ́ jù lọ kun gbogbo irun. Fi eérú aláwọ̀ aró pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ṣe ìpìlẹ̀, kí o fi funfun pátápátá sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ibi tí oòrùn bá kàn.

Abúlé yẹn ń jẹ́ Ilorin, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìlọrin tí a mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn ilé tí ó léfòó lórí omi ni, nítorí náà àwòrán Makoko ní Èkó àti Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin ni kí o máa wò, bí orí òpó tilẹ̀ ni tiwọn dúró sí.

Mo rí i pé o kọ ọfọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ. Yorùbá ni àwọn ọfọ̀ inú ìwé náà, àwọn ayàwòrán láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń kọ wọ́n bí wọ́n bá ṣe rí wọn. Ìwọ gbọ́ èdè náà, nítorí náà fi àmì ohùn sí i tán pátápátá, kí ẹni tí ó bá ń wò ó lè kà á jáde lẹ́nu.

Fíìmù ìwé náà ń bọ̀, Gina Prince-Bythewood ni olùdarí, Thuso Mbedu ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni a sì mú fún ipa Zélie. Òṣèré tí mo bọ̀wọ̀ fún ni. Síbẹ̀, láti ìgbà tí a ti kéde orúkọ rẹ̀ ni mo ti ń rí ojú rẹ̀ nínú àwòrán tuntun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yà. Mo bẹ̀ ọ́, di ojú tí ó wá sí ọ lọ́kàn nígbà tí o ń ka ìwé náà mú. Imú tí o fún un yẹn, tí ó fẹ̀ bí imú àwọn ará ilé wa, má ṣe dín in kù.

Tún òjìji rẹ̀ ṣe kí o tó bẹ̀rẹ̀ Amari. Bí o bá parí rẹ̀, má ṣe pa àwọn léyà náà pọ̀. Fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi bí ó ṣe wà, kí n lè máa ṣí wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tìrẹ,
Àǹtí rẹ