Ẹ̀sùn lórí kókópíìtì yín tó pa àwọn ohun ọ̀sìn mi

Àsẹ̀rò,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ọjọ́ kejì oṣù yìí ni mo ra àpò kókópíìtì méjì ní ìsọ̀ yín ní Kútọ̀, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó sanwó, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn pé ṣé ẹ ò po oògùn kankan mọ́ ọn. Ó ní èèpo àgbọn lílọ̀ lásán ni, ó tún fìka tọ́ka sí ohun tí ẹ kọ sára àpò pé kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀bi tèmi kò ju ìyẹn lọ.

N kò rà á fún òdòdó. Àkeekèé, ọ̀kùn àti ìgbín ni mò ń sìn nínú àpótí gíláàsì, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ẹ má fòyà. Àkeekèé ńlá dúdú ilẹ̀ wa yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pandinus imperator, ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ ló gbójú lé ju ìrù lọ. Oró rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti oyin lọ, àfi fún ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Àwọn òyìnbó ń wá a sìn débi pé láti 1995 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, ti ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kó o kọjá ibodè. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní a kì í di àkeekèé níbò. N kò dì í níbò.

Abo kan wà nínú wọn tí àgbẹ̀ kan bá mi rí nínú ògán, ní oko rẹ̀ lọ́nà Odẹ́dá. Oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù méje. Àkeekèé yìí kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, oyún rẹ̀ sì máa ń tó oṣù méje sí mẹ́sàn-án. Awọ ẹ̀gbẹ́ ikùn abo náà ti fẹ̀ débi pé mò ń rí àwọn ọmọ nínú rẹ̀, funfun báláú. Bí ó bá bí wọn tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ìbá gùn. Kí ó lè rí ibi tó lọ́rinrin bímọ sí ni mo ṣe wá sọ́dọ̀ yín.

Mo da àpò kìíní sínú àwọn àpótí wọn. Ọ̀kùn ló kọ́kọ́ kú, mọ́kànlá, láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá mọ ọ̀kùn mọ̀ pé bí a bá fọwọ́ kàn án, ńṣe ló máa ń ká. Àwọn tèmi ò ká mọ́. Wọ́n nà gbọọrọ, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ọ̀kùn a máa jẹ nínú ilẹ̀ tó ń gbé, torí náà ohun tó wà nínú àpò yín ti wọ inú wọn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bá abo àkeekèé yẹn tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń dá owó ayédèrú mọ̀ sí i, nítorí ara àkeekèé máa ń tàn yòò lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá wò lálẹ́ Sátidé. Ó ṣì ń tàn. Èyí tó ti kú náà a máa tàn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbà pé ó ti lọ, tòun ti oyún.

Àwọn ìgbín mi tó wà lórí kókópíìtì kan náà kò kú. Èyí ló jẹ́ kí n fura sí oògùn apakòkòrò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè ran ìgbín. Mo bá tú àpò kejì. Mo fi ìrẹ̀ márùn-ún sínú rẹ̀, mo fi márùn-ún sínú ilẹ̀ tí mo gbá lábẹ́ igi káṣú. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, gbogbo ti inú kókópíìtì ti kú. Àwọn tó kù ṣì ń han.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára àpò. Ọkùnrin tó gbé e bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, àkeekèé kú nínú ilé yín, ẹ wá ń bínú? Owó ọpẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ mú wá fún wa.” Ó sì pa fóònù. Ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè kan: àwọn tó ń sin ìgbín tà nílùú yìí ńkọ́, tí àwọn náà ń ra kókópíìtì? Ìgbín tiwọn ò ní kú. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò gbé ohun tó bá jẹ lọ.

Owó mi, ₦19,000, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ jùyẹn lọ ni pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ohun tí ẹ fọ́n sí kókópíìtì yìí, kí ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ “kò sí kẹ́míkà” kúrò lára àpò tó bá ṣì wà ní ìsọ̀. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, màá kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, màá sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC.

Àpò kejì ṣẹ́ kù ju ìdajì lọ. Mo ti so ẹnu rẹ̀, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ẹ bá rán wá lè bù nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìdajì tó kù kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Àsẹ̀rò.