Mílíìkì aládùn tí wọ́n kọ "low fat" sí lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wo ṣúgà inú ẹ̀ náà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lójú ewé ìlera yín lórí oúnjẹ tó yẹ kí òbí máa dì fún ọmọ lọ sí iléèwé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló dáa tó sì wúlò, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní kí òbí tí ò bá fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ sanra jù máa ra mílíìkì aládùn inú páálí tí wọ́n ti dín ọ̀rá ẹ̀ kù, tí wọ́n ń pè ní "low fat", ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti lè dákẹ́. Home Economics ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama l'Abẹ́òkúta níbí, ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ ń jẹ àtohun tó ń mu, iṣẹ́ mi ni, ó sì máa ń ká mi lára gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Mílíìkì, wọ́n yọ ọ̀rá ẹ̀ o, wọn ò yọ ọ́ o, wọ́n bu ṣúgà sí i o, wọn ò bù ú o, oúnjẹ gidi ni. Ife kan, ká sọ pé bíi mílílítà 240, protein inú ẹ̀ tó gíráàmù 8, calcium tó ń mú kí egungun àti eyín le tó nǹkan bíi mílígíráàmù 300, fítámì B12 náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ̀rá kúrò, gbogbo ìwọ̀nyẹn ò bá a lọ, fítámì A ló máa ń bá ọ̀rá lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń dá a padà sínú ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá ní mílíìkì aládùn ò yàtọ̀ sí mínírà, ìyẹn ti ṣàsọdùn, ọmọ tó mu mílíìkì ti rí nǹkan jẹ ju ọmọ tó mu mínírà lọ fíìfíì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ife mílíìkì tí wọn ò yọ nǹkankan nínú ẹ̀, ọ̀rá ibẹ̀ á tó gíráàmù 8, kálórì ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó ń fún ara, á sì tó bíi 150. Tí wọ́n bá yọ ọ̀rá yẹn títí tó fi ku bíi gíráàmù 2.5, kálórì ẹ̀ á já wálẹ̀ sí bíi 100, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mílíìkì tí ọ̀rá ti tán lára ẹ̀ kì í ki lẹ́nu mọ́, ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn ẹ̀, ni wọ́n bá bu ṣúgà sí i, wọ́n fi ṣokoléètì tàbí adùn èso kan kún un, ṣúgà tí wọ́n bù sínú ife kan yẹn sì lè tó gíráàmù 12, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́ta tá a fi ń po tíì. Gíráàmù ṣúgà kan, kálórì 4 ni. 4 lọ́nà 12, 48. Ṣé ẹ rí i báyìí, kálórì 50 tí wọ́n lé jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà! Ife mílíìkì ṣokoléètì "low fat" àti ife mílíìkì tí wọn ò fọwọ́ kàn rárá, kálórì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan gbé tiẹ̀ wá látinú ọ̀rá, èkejì látinú ṣúgà. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò fẹ́ kó sanra ò rí èrè kankan níbẹ̀, eyín ẹ̀ ló máa fara gbá a.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára páálí. Iwájú, lẹ́tà gàdàgbà, "low fat", pẹ̀lú àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Iye ṣúgà, ẹ̀yìn ló wà, lẹ́tà tí ẹni tó wọ awò gan-an á ṣe ojú ṣíntín kó tó rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ o. Ìlà kan ṣoṣo náà ni mo sì máa ń rí lórí ọ̀pọ̀ páálí tó wà lọ́jà, wọ́n á kàn kọ "sugars", wọ́n á da ṣúgà tí Ọlọ́run dá mọ́ mílíìkì, tó ń jẹ́ lactose, pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bù sí i. Ọgbọ́n tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi rèé: nínú mílílítà 100 mílíìkì màlúù, lactose máa ń tó bíi gíráàmù 5, tí páálí bá wá sọ pé gíráàmù 9 ni ṣúgà wà nínú mílílítà 100, ẹ yọ 5 kúrò, 4 tó kù yẹn àfikún ni, tí páálí náà bá sì jẹ́ mílílítà 250, ó ti di gíráàmù 10 tí ọmọ máa fà tán kí wọ́n tó lu aago ìjókòó. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n to àwọn èròjà sí, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, tẹ́ ẹ bá rí omi, tẹ́ ẹ rí ṣúgà kẹ́ ẹ tó rí mílíìkì, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tẹ́ ẹ rà.

Lactose yẹn kọ́ ni ìjà wa o. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà wọn lórí ṣúgà jáde lọ́dún 2015, wọn ò ka ṣúgà inú mílíìkì lásán mọ́ ọn, àfikún yẹn ni wọ́n ní kó má ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí èèyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀, wọ́n ní tó bá tiẹ̀ lè má kọjá ìdá 5, á dáa jù. Àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000, ìdá 5 yẹn jẹ́ gíráàmù 25. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ò jẹun tó àgbàlagbà, tó mu páálí kan láàárọ̀, tó tún jẹ bisikíìtì, tó dé'lé mu òmíràn ńkọ́?

Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fún ọmọ iléèwé ní mílíìkì ṣokoléètì tipẹ́tipẹ́, wọ́n ti fòfin dè é pé láti July 2025, ṣúgà àfikún inú ife mílíìkì aládùn kan ní iléèwé ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 10 lọ, wọ́n sì ti mú kí àwọn iléeṣẹ́ máa kọ ṣúgà àfikún sí ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn páálí. Ìlà ọ̀tọ̀ yẹn ló wù mí kí NAFDAC ní kí gbogbo wọn máa kọ níbí náà.

Nǹkan kan tún wà tí àpilẹ̀kọ yín ò dárúkọ rárá, ó sì ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá ẹ̀ ni tiẹ̀, mílíìkì màlúù ò gbọdọ̀ rọ́pò ẹ̀. Èyí tó ti lé lọ́dún kan àmọ́ tí ò tíì pé méjì, ara àti ọpọlọ ẹ̀ ń fẹ́ ọ̀rá, kí wọ́n má fún un ní mílíìkì tí wọ́n ti dín ọ̀rá ẹ̀ kù o, aládùn tàbí aláìládùn, àfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá tó bá ka ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn á rò pé tọmọdé tàgbà ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn tí inú wọn máa ń ru tí wọ́n bá mu mílíìkì, a pọ̀ nílẹ̀ yìí, yíyọ ọ̀rá ò mú lactose kúrò. Nónò kíkan tàbí yógọ́ọ̀tì tí wọn ò bu ṣúgà sí máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó mú kó kan ti jẹ nínú lactose yẹn.

Tí wọ́n bá wá ní kí la ó máa fún ọmọ, mílíìkì lásán náà ni, kí ìyá po èyí tó jẹ́ oníyẹ̀fun nílé láìbu ṣúgà sí i, tàbí kó dà á sínú ògì, kó kàn ka ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì dáadáa torí òróró ewéko ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì nínú àwọn kan. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà wà níbẹ̀, ẹja kéékèèké tá a máa ń jẹ teegunteegun ní calcium dáadáa. Tí ọmọ bá sì ń sunkún mílíìkì ṣokoléètì, kò burú kó mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má ṣáà di ojoojúmọ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì yẹn sójú ewé ìlera tó ń bọ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tó ń ṣe mílíìkì yìí pé ṣíbí ṣúgà mélòó ni wọ́n ń bù sínú páálí kan.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Home Economics kan, Abẹ́òkúta