Kíróṣé kì í ṣe fìlà ọmọ nìkan

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń wo obìnrin tó ń fi ìkọ́ hun aṣọ bíi pé kò níṣẹ́ ṣe, pé iṣẹ́ gidi ni kíróṣé yìí. Tọ́ọ̀pù alápá gígùn ni mò ń hun fún ara mi báyìí láàrin àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú, òwú kọ́tìn ni mo lò torí ooru Abẹ́òkúta kì í ṣeré, wúùlù onírọ́bà yẹn á kàn mú èèyàn làágùn ni, àmọ́ kọ́tìn wúwo, ó máa ń fà wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́, ẹ má hun ún gùn jù. Apá gan-an niṣẹ́ wà! Látòkè lẹ ó ti máa dín ojú òwú kù díẹ̀díẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ sì máa wọ̀ ọ́n wò, tó bá fún, ẹ tú u, òwú ò ní bàjẹ́. Ọwọ́ lásán la fi ń ṣe é o, kíróṣé gidi tẹ́ ẹ̀ ń rí lọ́jà, ẹ̀rọ kọ́ ló hun ún, torí náà ẹni tó bá fẹ́ rà á níye òkìríkà, kó kúkú lọ ra òkìríkà.

Òǹkàwé yín, Ìtòkú, Abẹ́òkúta