Sí Àkànní, Nítorí Orúnkún Rẹ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àkànní ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì kan ṣoṣo ni mo ń rí. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń ṣe é láyé ìgbà tiwa, kí Dámọ́lá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ohùn mi ni o kò fẹ́ gbọ́. Ìwé kì í pariwo.

Kí ló ṣe orúnkún rẹ?

Má wulẹ̀ bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ọmọ Alhaji tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tó ń kàwé ní Belgrade ní Serbia tó o wà, wá sílé fún Iléyá. Ó ní òun rí ọ lẹ́bàá pápá kan, fèrè wà lọ́rùn rẹ, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ mẹ́sàn-án yí ọ ká, o ń to kóònù sílẹ̀ fún wọn. Ó ní bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú kóònù, ńṣe lò ń na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n di igi mọ́ lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Mẹ́káníìkì ni mí, mo máa ń mọ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ kí ẹni tó wà á wá tó yanu. Orúnkún kì í sì í ṣe bọọ́jọ́ìǹtì tí èèyàn ń sáré lọ rà ní Gate.

Ìyá rẹ wà dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀. A ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni a kò ti ríná. Fọlákẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ti rán bùbá àti ṣòkòtò kan kalẹ̀ fún ọ, ó ní òun kò mọ̀ bóyá o ti sanra sí i. Mi ò tíì sọ ti ẹsẹ̀ náà fún èyíkéyìí nínú wọn.

Mo rántí ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn dáadáa. O ní kíláàsì kan wà tó o lè wọ̀ láti kọ́ṣẹ́ kóòṣì. Mi ò jẹ́ kó o parí ẹ̀. Mo ní, "Ṣé torí kó o lè máa fọn fèrè fún ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe ta ilẹ̀ Mọ́níyà?" O dákẹ́. O wá ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Mo ní kó o lọ tẹpá mọ́ṣẹ́, mo sì pa fóònù. Mi ò béèrè ohun tó mú kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ máa sọ̀rọ̀ kóòṣì. Bàbá tí orí rẹ̀ pé ì bá ti béèrè.

Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó o kọ́kọ́ débẹ̀ ṣì wà nínú fóònù mi: ilé onígi kékeré kan tó dá dúró lórí àpáta láàárín odò Drina, omi yí i po, kò sí afárá, kò sí nǹkan kan. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, Bajina Bašta rèé o, ibi tí wọ́n ti bí Bora yín." Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bora wo ni tèmi? O mọ̀ pé láti 1998 tó jẹ́ kóòṣì Super Eagles ni mi ò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ Bora Milutinović nínú ilé yìí. O ò mọ ìdí rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ti détí mi, fọ́tò yẹn ni mò ń wò lálaalẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1944, ogun ń lọ lọ́wọ́, tó di ọmọ òrukàn ní kékeré, tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ló tọ́ ọ. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n, Miloš, Milorad àti òun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbá bọ́ọ̀lù fún Partizan, kilọ́ọ̀bù Belgrade. Miloš ni ìràwọ̀ ilé wọn, ó lọ sí Ife Àgbáyé 1954, ó tún lọ sí ti 1958. Bora ńkọ́? Ọmọ àárín pápá ni bíi tìrẹ, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù kó lè fún ẹlòmíràn. Ó kó lọ sí Faransé, ó gbá fún Monaco, Nice àti Rouen, kó tó di pé ó sọdá sí Mexico ní 1972, sí kilọ́ọ̀bù Pumas ti yunifásítì wọn. Bó bá jẹ́ pé gbígbá yẹn náà ni gbogbo ẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n ní Mọ́kọ́lá?

Ní 1977 ló di kóòṣì Pumas yẹn kan náà. Koríko kan náà, Àkànní. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sá lọ síbì kan, ó kàn sún sí ẹ̀yìn ìlà funfun ni.

O mọ èyí tó kù jù mí lọ. Ó kó Mexico lọ sí Ife Àgbáyé 1986, wọ́n wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó kù, pẹnáritì ni Jámánì fi lé wọn sílé. Costa Rica kò dé Ife Àgbáyé rí títí di 1990, wọ́n débẹ̀ tán wọ́n na Scotland, wọ́n na Sweden. Ní 1994, Amẹ́ríkà. Ní 1998, àwa. Ní 2002, China, tí ìyẹn náà jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn. Wọ́n lù wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò tilẹ̀ gbá góòlù kan wọlé. Orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ife Àgbáyé márùn-ún léra wọn. Kó tó ṣe é, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí.

Mi ò fi èyí tàn ọ́ o. Iṣẹ́ kóòṣì kò ní àpótí tí wọ́n ń tú palẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e sí. Mexico tí ọkùnrin náà bá gba tíkẹ́ẹ̀tì France '98 ló lé e kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni àwa fi rí i mú. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí kóòṣì náà ní ìpele, C, B, A, kó tó wá kan Pro. Tó o bá máa ṣe é, bẹ̀rẹ̀ láti C, kó o sì kọ́ èdè wọn dójú àmì. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ.

Ìwé ìgbélùú rẹ ńkọ́? Bí kilọ́ọ̀bù kò bá kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ mọ́, ta ló dúró fún ọ? Ibo lò ń sùn? Ṣé o ò lè tẹ "Bàbá, mo wà láyé" ránṣẹ́ ni? Ìrora ẹsẹ̀ kò dé ìka ọwọ́!

Má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

O mọ Rashidi Yekini. Òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé, ní 1994, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n Bulgaria, ó ń sunkún. Ìbàdàn níbí ló padà wá gbé nígbà tó fẹ̀yìn bọ́ọ̀lù tì. Ó dá wà ni. Àwọn èèyàn ń sọ èyí, wọ́n ń sọ tọ̀hún, kì í dá wọn lóhùn. Lóṣù karùn-ún 2012 la gbọ́ pé ó ti lọ, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó máa ń wà ní títì ni mò ń rántí. Tí fóònù rẹ bá ti dún títí tó fi dákẹ́, òun náà ni mò ń rí.

Jẹ́ kí n sọ ti 1998 fún ọ, kó o lè mọ irú ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn.

A ti na Spain ní 3 sí 2 ní Nantes. Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn, fi orí kan tiẹ̀ wọlé, Oliseh yin tiẹ̀ láti òkèèrè. Abacha kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó kú, ohun méjì ni ìlú ń jó lé lórí. A na Bulgaria náà. Ó wá ku Denmark ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, Brazil ló sì ń dúró de ẹni tó bá yege. Ti Brazil ni gbogbo wa ń sọ, àfi bí ẹni pé Denmark ti wọkọ̀ lọ sílé. Mo bá àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ta tẹ́tẹ́. Owó fọ́ọ̀mù GCE Fọlákẹ́ ló wà lápò mi.

Ìṣẹ́jú kẹta, Møller. Ìṣẹ́jú kejìlá, Laudrup. Nígbà tó yá, wọ́n mú Sand wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, kí n tó bi ẹni tó jókòó tì mí pé ta nìyẹn, ó ti gbá tiẹ̀ sáwọ̀n. Ó parí sí 4 sí 1. Mo bú Bora títí ohùn mi fi há.

Mo délé, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé wọ́n yọ mí lápò ní Dùgbẹ̀. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ń ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Kò ṣe ìdánwò yẹn lọ́dún náà. Nígbà tọ́dún yí po, ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwọ kò tíì dáyé.

Àtìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kóòṣì ló ba ayé jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lórí fóònù ti wá. Kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe ti Bora.

Ilẹ̀ Mọ́níyà ti lọ, ẹni tó rà á ti kọ́lé sí i, ilé náà kò tilẹ̀ dára. Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi gbé ẹsẹ̀ náà lọ fún dókítà. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kó o ṣe, sọ fún mi, ọkọ̀ kan ṣì wà tí mo lè tà. Tó bá sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ti tán, sọ ìyẹn náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé ọmọ Fọlákẹ́ ló máa ya fọ́tò ìwé yìí, ọmọ náà sì mọ̀wé kà dáadáa. Ó ṣe mí bíi kí n fa ojú ìwé kejì ya. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà níwájú ilé báyìí, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Màá kọ́kọ́ jáde lọ bá a. Bí ojú ìwé méjèèjì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó o mọ̀ pé mo ti sọ fún un.

Orúnkún ọ̀tún ni àbí tòsì?

Bàbá rẹ