Awọ Kánò ló ń di "Made in Italy" yẹn o

Ẹ̀yin ọ̀gá wa Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ báàgì àti bàtà olówó ńlá ni mo bá wá, àwọn tí wọ́n kọ "Made in Italy" sí nínú, tí àwọn èèyàn ńlá máa ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó níbí ní Àbújá, torí inú ń bí mi gan-an sí bí wọ́n ṣe ń fi lébẹ́ẹ̀lì yẹn gbowó lọ́wọ́ wa tí wọ́n tún fi ń pa orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ́. Bàtà ni mò ń rán ní Kubwa, Kánò ni mo ti ń ra awọ.

Kò sí oníṣẹ́ awọ tí ò mọ awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó. Láyé àtijọ́ bagaruwa, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ni wọ́n fi ń ṣe é ní Majema, ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ lọ́nà ìbílẹ̀ ní Kánò, ní báyìí àwọn fákítọ̀rì ńlá wà ní Challawa, Sharada àti Bompai ní Kánò náà, Ítálì àti Spéènì sì wà lára ibi tí wọ́n ń kó o lọ jù. Tó bá débẹ̀ wọ́n á kùn ún, wọ́n á gé e, wọ́n á rán an, ó parí, ó ti di ọmọ Ítálì nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ Kánò mọ́. Òní kọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ o! Nígbà tí ràkúnmí ṣì ń ru awọ ilẹ̀ Haúsá gba Sàhárà kọjá, Mòrókò ni àwọn òyìnbó ti ń bá a pàdé, ni wọ́n bá ń pè é ní awọ Mòrókò, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní.

Òfin Yúróòpù fúnra rẹ̀ ló fàyè gbà á. Tí ọjà bá gba orílẹ̀-èdè méjì tàbí mẹ́ta kọjá, ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ gidi tó kẹ́yìn sí i lára ni wọ́n máa sọ pé ó ti wá. Ní 2017 ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde pé fákítọ̀rì kan ní Ròmáníà ló ń rán apá òkè bàtà Louis Vuitton, ilé iṣẹ́ ọjà olówó ńlá ti Faransé, wọ́n á wá kó o lọ sí Ítálì tàbí Faransé lọ fi sóólù sí i. Èmi tí mò ń rán bàtà ń sọ fún yín, apá òkè yẹn ni ìyà iṣẹ́ wà.

Èyí tí wọ́n rán ní Ítálì gan-an wá ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 kóòtù Mílàn fi alábòójútó sórí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Dior kan, torí àwọn kọ́ngílá tó ń bá wọn ṣe báàgì, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà tó wà nítòsí Mílàn, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń sùn síbi iṣẹ́, táwọn kan ò tiẹ̀ ní ìwé ìgbélùú. Ìwé kóòtù ní yúrò 53 ni wọ́n san láti to báàgì kan, láìka owó awọ, báàgì tí wọ́n ń tà ní yúrò 2,600. Ní 2025 kóòtù ti yọ alábòójútó náà kúrò, àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà ni àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà ní Ítálì bu owó ìtanràn yúrò mílíọ̀nù 3.5 fún Armani, wọ́n ní ohun tó ń sọ nípa bó ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Lébẹ́ẹ̀lì ò purọ́ lábẹ́ òfin o, Ítálì ni wọ́n ti rán an lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ tó fara balẹ̀ jókòó sídìí iṣẹ́, tí lébẹ́ẹ̀lì yẹn ń mú wá sí wa lọ́kàn tá a fi ń san owó ńlá, òun kọ́ ló rán an.

Àwọn kọ́sítọ́mà mi kan máa ń ní kí n lẹ Italy mọ́ bàtà tí mo rán, àwọn ará Ábá náà ti ń ṣe é tipẹ́, mi ò bú wọn, ebi ló fà á, àmọ́ mi ò ní ṣe é láéláé.

Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 ti sọ pé ẹni tó ń tajà ò gbọdọ̀ kọ nǹkan tó ń ṣini lọ́nà sára ọjà. Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí wọ́n máa pàṣẹ fáwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kí wọ́n kọ ibi tí awọ ti wá sọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ti rán an sọ́tọ̀. Káwọn onífákítọ̀rì Kánò náà sì kọ ọ́ sínú àdéhùn tí wọ́n ń bá òyìnbó ṣe, pé ẹni tó bá ra awọ wọn gbọ́dọ̀ kọ Kánò sínú báàgì náà.

Èmi ni,
Oníbàtà kan ní Kubwa, Àbújá